Tinúkẹ́, Má Fi Òfì Ìyá Àgbà Dá Ara Rẹ Dúró

Ilé wa, Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì,
Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Tinúkẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o ti jẹun? Bí o kò bá tíì jẹun, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ kí o lọ jẹun ná, nítorí pé ó gùn, mi ò sì fẹ́ kí o máa fi ikùn òfìfo gbọ́ ìmọ̀ràn. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti wa iṣu tuntun, pé kò tíì sí èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń roko. Gbogbo ọdún ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ó ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá kò pè mí lórí fóònù. Ìwọ náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, wàá ti sọ mẹ́ta lé e lórí. Bí ó bá wá kan èmi láti fèsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. O kò lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú lẹ́tà. Nítorí náà, jókòó kí n bá ọ sọ ọ́ tán.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, o pè mí pé ilé ìwòsàn Kàlàbá ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ sí. Iṣẹ́ tí o ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà tí o ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Mo pariwo ayọ̀ débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yá yàrá iwájú ilé wa sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni mo rí. Mi ò tíì parí ijó tí o fi sọ fún mi pé o kò ní lọ. O ní o ti ṣèlérí fún Ìyá Àgbà kí ó tó kú pé aṣọ tábìlì Olúwa kò ní dáwọ́ dúró ní ọjọ́ Ìkórè. O ní a kì í gbé òfì wọ ọkọ̀ lọ sí Kàlàbá. O ní títí òpin oṣù yìí ni wọ́n fún ọ láti fèsì, àti pé rárá ni èsì rẹ.

Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o gba iṣẹ́ náà. Mo sọ ọ́ síbí, lókè, kí o má baà máa wá a káàkiri inú lẹ́tà. Gbogbo ìyókù tí mo máa kọ, àlàyé ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe àlàyé lórí Ìyá Àgbà, èmi ni. Ìyá bàbá rẹ ni, ìyá ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ọdún tí mo bá a gbé pọ̀ ju èyí tí mo bá ìyá tó bí mi gbé lọ. Lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jókòó níwájú òfì tó fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfì tó ga ju ènìyàn lọ, tí òwú nà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń kọrin tí mi ò gbọ́ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Mo bi bàbá rẹ pé orin ìjọ wo nìyẹn. Ó ní, "Orin tirẹ̀ ni. Lónìí ni ó ṣe é. Lọ́la yóò ṣe òmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí ó fi lọ. Ìyá Àgbà kì í wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kí ó tó ṣe tirẹ̀. Ó lè lọ sí oko lọ́wọ́ àárọ̀, kí ó rí bí ewé iṣu ṣe ń fà gun ọ̀pá, kí ó dé ilé lọ́sàn-án kí ó sì hun ún sí etí aṣọ, tí ìwọ tí o ń wò ó yóò fẹ́ fi ọwọ́ já a. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ní orúkọ. Ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ó hun ọ̀kan tí ó pè ní Òjò Á Dé. Ọdún tí a bí ọ, lẹ́yìn tí mo ti sọ oyún méjì nù, ó hun Mo Tún Rí I, ó sì fi pọ̀n ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ aṣọ náà. Bí olúwarẹ̀ bá fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín, kò ní tà á fún un mọ́. Kíjìpá tó nípọn ni Ìyá Àgbà ń hun. Àwọn àgbà ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé kì í tètè gbó. Ìyá Àgbà a máa dáhùn pé ẹni tó pa òwe yẹn kò hun kíjìpá rí láyé rẹ̀.

Aṣọ tábìlì Olúwa wá yàtọ̀. O mọ òfin rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ. Láti ọjọ́ tó bá ti ta òwú rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá gé e kúrò lórí òfì, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ó bá bá ènìyàn jà lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́ yóò tú gbogbo ohun tó hun lọ́jọ́ náà. Ọdún tí ewúrẹ́ aládùúgbò wa ń wọlé wá jẹ ẹ̀gẹ́ tí a sá, díẹ̀ ló kù kí ọjọ́ Ìkórè bá aṣọ náà ní ìdajì. Bí ó bá hun ún láàárọ̀, ewúrẹ́ yóò dé, yóò bá aládùúgbò jà, yóò sì tú u ní ìrọ̀lẹ́. Nígbẹ̀yìn, bàbá rẹ ló lọ bá ẹni tó ni ewúrẹ́ náà so ó mọ́lẹ̀ kí ìjọ lè rí aṣọ tẹ́. Mo máa ń fi Ìyá Àgbà yangàn níbi gbogbo, ojú kò sì tì mí.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tèmi.

Èkínní, má fi àgbàlagbà ṣe àwáwí. Mo ṣe é rí. N kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ tí wọ́n gbé mi lọ ṣe tíṣà ní ilé ìwé kan ní Aisẹ́gbà. Lónìí, wàá wọ takisí lọ, wàá sì wọ̀ ọ́ bọ̀. Nígbà náà, ọ̀nà kò dára, ibẹ̀ ni mo ní láti máa gbé, kí n máa wá sílé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kò ṣeé ṣe, pé ta ni yóò máa pọnmi fún Màmá, ta ni yóò máa gúnyán? Mo sọ ọ́ dáadáa débi pé bàbá rẹ gbà mí gbọ́. Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara mi gbọ́.

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti di ẹrù mi fúnra rẹ̀, ó kó gàrí àti epo sí i, ó sì tẹ́ kíjìpá tuntun lé e lórí. Ó ní, "Ùyàwó mi, mo pọnmi kí ọ tó dé ulé yí. Mo gúnyán kí ọ tó dé ulé yí. Mọ́ fi mi kẹ́wọ́. Ẹ̀rù l'ó bà ọ́."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀rù kò bà mí o."

Ó ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà ní Ìlúmọba lọ́jọ́ kí an mú mi wá ulé ọkọ. Mo bá ẹ̀rù ọ̀hún wá. Bá tìrẹ lọ."

Mo bá tèmi lọ. Aisẹ́gbà ni mo ti di olùkọ́ tí ènìyàn ń bẹ̀rù tí ó sì ń fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo lè dá dúró. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níbẹ̀ ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì Ìkẹ́rẹ́ yìí, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n. Nítorí náà, Tinúkẹ́, mo bi ọ́ léèrè, kí o sì dá ara rẹ lóhùn kí o tó dá mi lóhùn: ṣé ìlérí ni, àbí ẹ̀rù? Kàlàbá jìnnà. Wọn kò gbọ́ èdè wa níbẹ̀, o kò sì mọ ẹnì kankan. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má lọ di ẹrù ìyẹn lé òkú tó sinmi lórí.

Èkejì, ìlérí náà gan-an. Inú yàrá Ìyá Àgbà ni mo wà lọ́jọ́ tí o ṣèlérí náà, èmi ni mo di ife ẹ̀kọ mú. Mo gbọ́ nígbà tó di ọ́ lọ́wọ́ mú tó ní, "Mọ́ jẹ́ kí tábìlì Olúa wà níhòòhò." Mo gbọ́ nígbà tí o ní, "Mo gbọ́, Ìyá Àgbà." Òótọ́ ni, mi ò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n o padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ ní Adó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, o kò sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ó di èmi náà lọ́wọ́ mú, ó sọ gbólóhùn kan náà. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ, ẹni tí kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó alúfà. Ọlọ́kadà tó gbé oògùn rẹ̀ wá láti Adó pàápàá, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sọ ọ́ fún un, ọmọ ọlọ́mọ ní, "Mo ti gbọ́, Mà," ó sì sáré gun ọ̀kadà rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní òwú. Ọmọ mi, gbogbo ilé ni obìnrin yẹn pín iṣẹ́ náà fún, ìwọ nìkan ni o wá gbé e rù. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọgbọ́n tó fi gbé ilé yìí ró nìyẹn, kò fi ohun tó ṣe pàtàkì sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo rí.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí o bá dé Kàlàbá, má purọ́ fún Ọlọ́run. Mo sọ èyí nítorí pé iṣẹ́ tí ò ń lọ ṣe le. Àwọn ọmọ kan yóò gbádùn, wọn yóò bá ọ ṣeré. Àwọn mìíràn kò ní gbádùn. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, má lọ kúnlẹ̀ kí o máa kọrin ayọ̀ tí kò sí nínú rẹ.

Ọdún tí bàbá àgbà rẹ kú, ìwọ kò tíì dé ayé. Gbogbo ìjọ rò pé Ìyá Àgbà kò ní hun aṣọ lọ́dún náà. Ó hun ún. Aró dúdú ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ìlà funfun tín-ín-rín kan létí rẹ̀. Ó ká a, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Ìkórè, èmi ni mo tẹ̀lé e. Nígbà tí bàbá ìjọ kan rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó ní, "Ìyá Ìjọ, aṣọ ọ̀fọ̀ l'ẹ gbé wá ulé Olúa lọ́jọ́ ọpẹ́?"

Ìyá Àgbà kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọkọ mi lọ lọ́dún yí. Ọpẹ́ mi dúdú. Ṣé kí n gbé funfun wá, kí n purọ́ ún Olúa? Ọpẹ́ náà ni. Mo gbé e wá."

Alúfà wa nígbà náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Òun ló bọ́ síwájú, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ wá sílé, mo bi í pé kí ni ìlà funfun yẹn. Ó wò mí bí ẹni pé mo ya òmùgọ̀. Ó ní, "Ọmọ kí mo bí. Ọkọ rẹ." Mo sunkún lójú ọ̀nà, mi ò sì mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni tàbí ìdùnnú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú mi dùn pé ilé obìnrin yìí ni mo fẹ́ ọkọ sí. Títí di òní, inú mi ṣì ń dùn sí i.

Èyí tó kàn, o lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, o máa ń fa nǹkan le jù. O rántí aṣọ àkọ́kọ́ tí o hun? Bí o bá ti fi òwú kọjá, wàá fà á pinpin, wàá tún fi igi apásà gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè. Nígbà tí aṣọ náà máa fi dé àárín, ó ti fún níkùn bí ìlù gángan. Ìwọ sunkún, o fẹ́ jó o níná. Ìyá Àgbà ní kí o jẹ́ kí òwú sinmi díẹ̀ kí o tó gbá a mọ́lẹ̀, pé òwú tí a bá fà jù ló ń sọ aṣọ di tín-ín-rín. Ó wá fi aṣọ burúkú yẹn kọ́ èjìká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ó ń fi han gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ló hun ún. Bí o ṣe ń ṣe pẹ̀lú òwú náà ni o ṣe ń ṣe pẹ̀lú ara rẹ. Má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun yìí. Má gba iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe mọ́ tìrẹ kí wọ́n lè yìn ọ́. Sùn nígbà tí wọ́n bá ní kí o lọ sùn. Bí ọ̀gá bá bá ọ wí, gbọ́ ọ, kí o jẹ́ kó lọ. Má gbé e sínú fún oṣù mẹ́ta bí o ti máa ń ṣe sí mi.

Ẹ̀karùn-ún, tàbí ẹ̀kẹfà, mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Wá ìjọ tí o ó máa lọ kí o tó wá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja dáadáa. Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ràn rẹ, bi í bóyá ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bi í pé ta ló wàásù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ọmọ kan bá ń sunkún ní wọ́ọ̀dù, kọ ọ̀kan nínú orin Ìyá Àgbà fún un. Kò ní gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà kò gbọ́ èdè kankan nígbà tí ó pọ̀n ọ́ tí ó ń kọ ọ́ fún ọ, o sì máa ń sùn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ti kú nítorí pé o kò sí nídìí òfì. Ọwọ́ tó ń fi abẹ́rẹ́ wá iṣan ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, níbo ni o rò pé ó ti kọ́ ọ? Èmi mọ̀ níbi tó ti kọ́ ọ, mo sì ń fi ìyẹn náà yangàn.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n má sọ ọ́, pé wàá fi mí rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín o, inú mi á dùn.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti jókòó sídìí òfì. Èmi, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì àti pàṣán lọ. Ìyá Àgbà kò fi ipá kọ́ mi rí. Ó ní iṣẹ́ tèmi wà ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọwọ́ rẹ̀ fún ọdún tó pọ̀ tó láti mọ ibi tí òwú ń gbà. Ohun tí mo ń hun kò dára, ọmọ mi, mi ò ní tàn ọ́. Òwú ń já, mo ń so ó, kókó wá kún ojú aṣọ. Ihò wà níbì kan tí òròmọdìẹ lè gbà kọjá. Ẹ̀yìn ń ro mí. Lánàá, mo bá bàbá rẹ jà nítorí ó ní kí n sinmi, ni mo bá ní láti tú gbogbo ohun tí mo hun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó tì mí, ó ń bá mi ká òwú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Alúfà ti wá wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ó sì yára lọ.

Ní ọjọ́ Ìkórè, aṣọ yẹn ni wọn yóò tẹ́ sórí tábìlì Olúwa ní Ìkẹ́rẹ́. Gbogbo ìjọ yóò rí i pé ó burú, wọn yóò sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn, ohun náà sì ni mo fi sọ aṣọ náà lórúkọ: Ọmọ Mi Wà Lẹ́nu Iṣẹ́. Lọ, Tinúkẹ́, kí n má baà purọ́ nílé Olúwa.

Èmi ni, tìfẹ́tìfẹ́, pẹ̀lú ìka ọwọ́ tí òwú ti gé,
Ìyá rẹ.